Ọ̀pá Mẹ́rin, Irọ́ Mẹ́rin

Ọ̀pá mẹ́rin ni mo rí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó kí òòrùn má ba à tàn mí jẹ, mo tún un wò: ọ̀pá mẹ́rin, aláwọ̀ ewé, wọ́n dúró ṣánṣán lójú ọ̀kadà mi bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìtumọ̀ ọ̀pá mẹ́rin ni pé bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú. Èmi rèé lágbedeméjì afárá Pen Cinema l'Ágége, aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́ta búrẹ́dì wà lẹ́yìn mi, ọ̀kadà sì ti kú fin-ín fin-ín.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo ń wá lórí afárá. Mo mọ òfin. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí búrẹ́dì gbígbóná yan yín lẹ́yìn ná, kí ẹ tó wá bi mí.

Ọ̀kadà elépo tó bá fẹ́ kú, ó máa ń ní ojú àánú. Á wúkọ́, á sín, á gbọ̀n jìgìjìgì, á fún ọ láyè kí o ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tèmi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dákẹ́ ni, bí àna tí wọ́n bi léèrè owó tó yá. Dánfó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lẹ́yìn. Kọ̀ndọ́ rẹ̀ yọ orí síta, ó ní, "Bàbá Búrẹ́dì, ẹ ra epo sí i o!" Mo ní kì í mu epo. Ó ní, "Ẹ fún un ní búrẹ́dì jẹ nígbà yẹn!" Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ tí mo rò pé á bá mi kẹ́dùn.

Mo yí i padà, mo tì í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, tí mo nu òógùn ojú tán, mo ní kí n tún un tẹ̀ wò. Ó jí! Ọ̀pá mẹ́rin! Ó gbé mi gba ìsàlẹ̀ afárá bọ́ sí ọ̀nà Ìjù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Kí n tó dé Fágbà, ilẹ̀ gun òkè díẹ̀, ó tún kú. Mo sinmi, ó tún jí. Báyìí la ṣe ń kú tí à ń jí títí mo fi dé Ìjù ní aago mẹ́wàá, tí ìyá tí mo máa ń já ọjà fún wò mí láti òkè délẹ̀, tó ní, "Bàbá, àwọn èèyàn ti fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà wọn tán."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kó sí i. Títí di May 2023, lítà epo kan kò tó 200 náírà. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu gun orí àléfà, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù lẹ́nu rẹ̀ ni ìlà ti gùn lẹ́nu àwọn ilé epo. Nígbà tó fi máa di October 2024, lítà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 1,000 náírà l'Ékòó. Èmi tí mò ń pín búrẹ́dì láti Agége dé Ìjù, Ọbáwọlé àti Ìṣàgà, ṣé kí n máa rẹ búrẹ́dì sínú epo ni? Mo kó àjọ oṣù mẹ́rìnlá, mo lọ ra ọ̀kadà oníná.

Ìṣirò ni mo fi tan ara mi jẹ. Wọ́n kọ 72V20Ah sára bátìrì rẹ̀. Ẹ sọ 72 di ọ̀nà ogún, ó di 1,440, ìyẹn ni pé iná tó wọ inú rẹ̀ kò ju yúnítì kan ààbọ̀ lọ. Ṣájà á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní yúnítì méjì tí kò pé. Ká tilẹ̀ lo owó àwọn ọlọ́lá Band A, tí wọ́n gbé láti 68 náírà lọ sí 225 ní April 2024, tí wọ́n sì padà dín in kù díẹ̀, kíkún bátìrì kan kò tó ìdajì owó lítà epo kan. Àdúgbò tiwa kì í ṣe Band A. Àwọn ọmọ ilé wa ń pè é ní Band Má-sọ̀rètí-nù. Owó iná wa kéré, iná wa náà kéré.

Ẹni tó tà á fún mi, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tòkunbọ̀ ni ọ̀kadà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì "bíi tuntun" ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa fi dé Ṣàgámù, ẹ máa fi bọ̀, ó máa ṣẹ́ kù." Kí ni ń jẹ́ bíi tuntun? Ìyàwó mi ń ta ẹyin. Kò sí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ kó polówó ẹyin tó dà bíi pé kò tíì bàjẹ́. Tí ẹyin bá sì rú u lójú, omi ló máa ń sọ ọ́ sí: èyí tó bá rì, ó dáa, èyí tó bá léfòó, ó ti di ti ajá. Mo wo bátìrì mi tó wúwo bí ọlọ, mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ sínú kànga, á rì ni, bó dáa bí kò dáa. Kò sí omi tí mo lè sọ ọ́ sí tó máa bá mi dá ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀dùn ọkàn mi gan-an nìyí. Tánkì epo, ṣí ìdérí, mi ọkọ̀, gbọ́ bó ṣe ń pariwo nínú. Gáàsì ìdáná, gbé e, á sọ fún ọ. Mítà iná ilé wa tí gbogbo ayé ń bú, ó ń kọ ọ́ sójú pé yúnítì 3.7 ló kù, kó o lọ wá owó. Bátìrì nìkan ni ohun tí mo fi owó mi rà tí mi ò lè mọ iye tó kù nínú rẹ̀, tó sì tún ń fi ọ̀pá mẹ́rin purọ́ fún mi lójúkojú.

Mo bá kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Bátìrì ṣájà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Fágbà, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó kó wá sí àdúgbò, ásíìdì ti jẹ gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ níhò-níhò. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú wáyà kan, ó fi kan orí méjèèjì bátìrì náà fírí: ṣáà! Iná fò. Mo sá sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i? Ó ń bínú. Bátìrì tó bá ṣì ń bínú, kò sí ohun tó ṣe é." Mo san 500 náírà fún ìbínú yẹn. Lọ́jọ́ kejì, bátìrì abínúfùfù náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Ògbà, mo sì gbọ́dọ̀ tètè tì í padà nítorí pé láti ọjọ́ 1 oṣù June 2022 ni ìjọba Èkó ti ní kí ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà àti márùn-ún mìíràn. Ìfàkò-Ìjàyè tiwa kò sí lára wọn. Àlàyé pé búrẹ́dì ni mo gbé, pé n kò gbé èrò, pé ọ̀kadà yìí kò sì fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀, àlàyé gígùn ni fún àárọ̀ kùtù. (Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú la sì sọ ọ́ o. Okada Air ni, ilé iṣẹ́ Igbinedion, tó sọ ọ́ lórúkọ ìlú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Edo. Bàálù yẹn ti parẹ́ tipẹ́. Tèmi kò tilẹ̀ lè fò kọjá Pen Cinema.)

Ọmọ onílé wa tó ń kọ́ṣẹ́ rewáyà ló wá yá mi ní mítà rẹ̀. Ó kàn án mọ́ bátìrì, ó ní, "Bàbá, 76.4. Ó pé pérépéré." Mo ní báwo ló ṣe wá ń kú? Ó ní bóyá mọ́tò ni. Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo ní bí ohun yìí bá lè ka fóltì, á lè ka ámpù, ámpù ni mo sì ń wá. Mo yí i sí A, mo ki pupa mọ́ pupa, mo ki dúdú mọ́ dúdú. Nǹkan kan dún "pó!" nínú rẹ̀ bíi gúgúrú. Òórùn kan jáde, mítà ṣójú funfun.

Ọmọ náà dé nírọ̀lẹ́, kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé a kì í fi mítà wá ámpù lẹ́nu bátìrì ní tààrà, ó gbọ́dọ̀ gba inú ohun tó ń mu iná kọjá. Ó ní, "Ohun tí ẹ ṣe yẹn, Bàbá, ó dà bí ìgbà tí ẹ fi ẹnu bo páìpù ilé omi Ìjù." Mo ra fíúùsì mìíràn fún un. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń ka ẹyin.

Bàbá kan wà lójúlé kẹta sí wa tí a ń pè ní Bàbá Fọ́ọ̀kì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa tọ́jú bátìrì fọ́ọ̀kìlíìfù, àwọn ẹ̀rọ tó máa ń fi eyín méjì gbé ẹrù, tí bátìrì ọ̀kan nínú wọn wúwo ju ọ̀kadà mi àti èmi àti búrẹ́dì lọ. Mo ti ń kí bàbá yìí ní "ẹ káàárọ̀, sà" láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé ẹni tí mò ń wá kiri ló wà níwájú mi.

Mo ròyìn fún un. Ó gbọ́ ti wáyà tó ń bínú, ó mi orí. Ó gbọ́ ti 76.4, ó mi orí. Ó wá ní, "Ọmọ yìí, tí alágbàṣe bá wá bá ọ pé òun lè ru sìmẹ́ńtì, ṣé ojú lo fi máa wò ó?" Mo ní rárá, sà. Ó ní, "Kí lo máa ṣe?" Mo ní màá gbé e lé e lórí. Ó ní, "Lẹ́yìn náà?" Mo dákẹ́. Ó ní, "Kó o máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Gbígbé e kọ́ ni iṣẹ́. Ẹni tó ń kú lọ lè gbé e ìṣísẹ̀ mẹ́ta."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọ̀pá mẹ́rin ń kà. Fóltì ló ń kà, fóltì kò sì sọ iye tó kù. Ẹ wo tánkì omi kan lórí òpó. Fóltì ni bí omi ṣe ga tó nínú rẹ̀. Ah tí wọ́n kọ sí i lára ni iye garawa tí ẹ máa pọn kó tó gbẹ. Nígbà tó wà ní tuntun, ogún garawa ló ń gbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹrẹ̀ dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gun àkàbà, ẹ yọjú wò ó: omi kún dé ẹnu, ọ̀pá mẹ́rin! Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n, garawa kejìlá kò tíì kún tí abọ́ fi ń ha ẹrẹ̀. Nínú bátìrì olójé bíi tèmi, ẹrẹ̀ yẹn ni iyọ̀ funfun kan tó ń dì mọ́ awo òjé inú rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá pa á tì lófìfo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ooru ló tún ń bá a fọ́ ọ. Bàbá Fọ́ọ̀kì ní tí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá ga ju 25 tí wọ́n ṣe é fún, ẹ ka ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ìlàjì. Mo rántí bí ẹni tó tà á fún mi ṣe tò wọ́n síta ìsọ̀ lábẹ́ òòrùn bí ẹ̀gbo sísá.

Bátìrì mẹ́fà ló wà nínú àpótí náà, 12 fóltì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni ó fi di 72. Ohun tí 20Ah túmọ̀ sí lára irú wọn ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ru 10 ámpù fún wákàtí méjì gbáko kó tó rẹlẹ̀ dé 10.5 fóltì. Nígbà tó bá dé 10.5, kí a dá a dúró, a kò gbọ́dọ̀ fà á kọjá ibẹ̀. Bàbá Fọ́ọ̀kì ní kí n lọ ra gílóòbù iná iwájú dánfó méjì, 55 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì pọ̀, 110. Ẹ fi 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní 9 ámpù. Ó ti tó. Gílóòbù méjì, mítà kan, aago kan, ìwé kan. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń mọ òótọ́ kò ju ìyẹn lọ, kò sì sí ẹnì kan láti Agége dé Alábà tó ní i ní ìsọ̀, nítorí pé ó tún nílò ohun kẹfà kan, tí í ṣe wákàtí méjì láti fi jókòó.

Bátìrì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún. Ṣájà ń gba wákàtí mẹ́jọ kó tó tan iná ewé. Níbo lẹ ti rí iná wákàtí mẹ́jọ láìṣẹ́jú? Lóru àkọ́kọ́, wọ́n mú un lọ ní wákàtí kẹta. Lóru kejì, ó kù díẹ̀ kó pé, mo gbọ́ tí gbogbo àdúgbò kígbe "Áà!" Lóru kẹta, àwọn ọmọ kígbe "Up NEPA!" ní aago mọ́kànlá alẹ́. Láti 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ NEPA rẹ́, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ni wọ́n ń kígbe rẹ̀. Mo sùn sí ẹ̀gbẹ́ ṣájà. Nígbà tí mo jí, iná ewé ń tàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Mo kọ ìwé ìdánwò náà sẹ́yìn ìwé gbèsè búrẹ́dì. Aago mẹ́jọ alẹ́, mo so gílóòbù méjì mọ́ bátìrì kìíní níwájú ilé. Kò sí iná ládùúgbò. Ẹ̀yin ará, ojú ọ̀run là! Ìmọ́lẹ̀ dánfó méjì kọjú sí ògiri funfun, ọ̀sán pọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìyá Ìbejì ti gbé ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà jáde. Àwọn ọmọ mẹ́rin gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wá. Òjò ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀sunsún tú dà sórí gílóòbù mi, àwọn ọmọ náà pa ìwé dé, wọ́n ń fi abọ́ omi mú ẹ̀sunsún. Onílé wa jáde nínú bùbá àfisùn, ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti ra jẹnẹrétọ̀, ó ní ta ló fún mi láyè. Mo ní bátìrì ni mò ń dán wò, sà. Ó wo gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ máa dán an wò lójoojúmọ́."

Bátìrì kìíní ṣe wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èkejì, wákàtí kan àti méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, wákàtí kan àti mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ wo "bíi tuntun"! Ẹ sọ 9 di ọ̀nà kan ààbọ̀: 13.5. Nínú ogún garawa tí mo san owó rẹ̀, bíi mẹ́tàlá ààbọ̀ ni mo gbé délé. Mo ti ń gba kámú. Mo ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí n máa rọra lò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó kan ẹ̀kẹrin. Mo wọn ọ́n kí n tó so ó: 12.9, òun ló tilẹ̀ ga jù nínú gbogbo wọn. Bí mo ṣe so gílóòbù mọ́ ọn, ó bọ́ sí 11.8. Ní ogún ìṣẹ́jú, 11.2. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Búrẹ́dì, iná yín ti ń pọ́n o." Lóòótọ́ ni, ó ti ń dà bí epo pupa. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 10.9, láti ibẹ̀ ló wá jábọ́ bí ìbẹ́pẹ tó rà lórí igi: 10.8, 10.6, 10.5. Mo já wáyà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Garawa márùn-ún nínú ogún. Òkùnkùn ṣú, ẹ̀wà dà sílẹ̀ níbì kan, ẹnì kan sì pe orúkọ mi lọ́nà tí mi ò fẹ́ràn.

Olè nìyí! Ìkarùn-ún ṣe wákàtí kan ààbọ̀, ìkẹfà wákàtí kan àti méjìlélógún. Àwọn márùn-ún ń sa ipá wọn, ọ̀kan ló ń ba ti gbogbo wọn jẹ́. Bí ọmọ mẹ́fà bá tò láti kànga dé ilé, tí wọ́n ń gba garawa lọ́wọ́ ara wọn, ẹyọ kan tí ó bá ti rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí omi dé ilé. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń bá wọn fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Lórí afárá, pẹ̀lú ọgọ́ta búrẹ́dì, mọ́tò lè fa 30 ámpù, ibẹ̀ ló ti ń wó lulẹ̀. Kọ́ńtúrólà rí i pé fóltì gbogbo wọn ti rẹlẹ̀, ó pa ohun gbogbo kó má bàa bàjẹ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti mí, fóltì ti gòkè padà, ọ̀pá mẹ́rin ti tò sórí ìlà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ará Jámánì kan, Wilhelm Peukert, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1897 pé bí èèyàn bá ṣe ń yára fa bátìrì olójé tó, bẹ́ẹ̀ ni iye tó máa fún un lápapọ̀ ṣe máa dín kù tó. Àwa kò nílò ará Jámánì fún ìyẹn. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀gbọ́n olówó mọ̀ ọ́n: tọrọ ẹgbẹ̀rún kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wàá jẹ ẹ́ pẹ́, tọrọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ sí ìpàdé. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe bátìrì olójé jáde ní 1859, ọdún méjì kí Dòsùnmú tó fọwọ́ síwèé tó gbé Èkó lé Òyìnbó lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn dé òní, ojú rẹ̀ lásán ni wọ́n ṣì fi ń tà á fún mi.

Wọ́n ní ti lithium dáa jù, pé ó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó lè máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Àwọn mẹ́ta tó ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, ọ̀kan nínú wọn, John Goodenough, sì ti di ẹni ọdún 97 lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Àgbàlagbà ọdún 97 gba ẹ̀bùn, bátìrì mi tí kò tó ẹni ọdún mẹ́rin ń mí gúlegúle lórí Pen Cinema.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Kútọnu ló tún wá fi iyọ̀ sí egbò mi. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, àwọn zémìjàn, bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́kadà, tó ń gun ọ̀kadà oníná ti ilé iṣẹ́ Spiro, láti bíi 2022, kì í ra bátìrì rárá. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Tí bátìrì bá ti fẹ́ tán, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á gbé òfìfo sílẹ̀, wọ́n á gbé èyí tó kún, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Bátìrì tó bá ti rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ni. Ó ní kí ló dé tí èmi ń wọn ámpù lóru bí oṣó. Mo pa fóònù.

Mo mú ìwé gbèsè búrẹ́dì, mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Mo ṣí i fún un: kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹ̀kẹrin. Ó kà á tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ìyá Kúdírátù tó jẹ yín ní ẹgbẹ̀rún méje?" Mo ní kó ṣí ojú ìwé kejì. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi iná dánfó fà á gbẹ, Bàbá, bátìrì ọ̀kadà ni, wọn ò ṣe é fún iná dánfó. Mo ní kó mú òmíràn wá ká dán an wò níwájú ara wa. Ó ní àwọn kì í ṣe irú ẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n máa ń ṣe? Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá. Ọ̀pá mẹ́rin."

Bàbá Fọ́ọ̀kì ní kí n má ra ẹyọ kan tuntun sáàárín márùn-ún tó ti gbó, pé ìwọ̀n wọn kò ní bára mu, àti pé tuntun á gbó mọ́ wọn lọ́wọ́ láìpẹ́. Ó ní kí n wá ẹgbẹ́ wọn, èyí tí ìyà ti jẹ bíi tiwọn, tó lè ṣe bíi wákàtí kan ààbọ̀. Bó ṣe di pé mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan l'Ágége tó ń ra kọ́ndẹ́ẹ̀mù bátìrì tó sì ń ṣa èyí tó ṣì dáa nínú wọn tà nìyẹn. Mo gbé gílóòbù méjì, mítà àti aago sínú páálí búrẹ́dì. Mo mú èyí tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣájì tán, mo so ó, mo jókòó lórí táyà kan.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ wò ó.

"Ẹ ti wò ó. Ó ń tàn."

Mo ní mo fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó.

"Ẹ fẹ́ sùn síbí ni?"

Ọ̀sán gangan ni, iná dánfó méjì ń tàn lójú òòrùn, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń bi mí pé èló ni gílóòbù. Nígbà tó pé ìdajì wákàtí, ọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó pé wákàtí kan, ó gbé àga jáde, ó jókòó tì mí, òun náà ń wo mítà. 11.7. Ó ní òun kò mọ̀ pé èyí dáa tó báyìí, òun ì bá ti pe iye mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, ó wo gílóòbù, ó wo bátìrì, ó ní òun máa rà á, kíákíá, òun ò ní nájà. Oníṣòwò wo èmi, ó wo owó.

"Bàbá, ṣé ẹ ti parí?"

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. 11.5. Mo ní kò tíì parí, kí oní-Márúwá sún sẹ́yìn díẹ̀, òjìji rẹ̀ ń bo mítà mi.